Ọ̀kadà Orí Omi Ìkẹ́rẹ́ àti Ìyàwó Mi Tó Ń Yan Púlọ́ọ̀gì

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ̀kadà orí omi wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó iṣu ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi okùn dè é mọ́lẹ̀ bí ẹni de màlúù ọdún. Àwọn èèyàn ti ń tẹ̀ lé e bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò. Ẹnì kan ní ẹja ni. Àlùfáà Súlè tó ń rán fìlà ní òdìkejì wa ní kì í ṣe ẹja, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ odò ni wọ́n fi ike ṣe. Nọ́ọ̀sì Fúnmiláyọ̀ jókòó síwájú ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun lókè, ṣùgbọ́n láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ ó tutù rìnrìn, ẹrẹ̀ sì wà létí rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín bíi tàwọn tó kù. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi, ó sì sọ tẹnu rẹ̀.

"Bàbá Káfáyà, bí ẹ̀rọ yìí bá tún kú mọ́ mi lábẹ́ láàárín omi, mi ò ní gùn ún mọ́. Mi ò mọ̀wẹ̀."

Èmi kọ́ ni mo dá a lóhùn. Ìyàwó mi ló dìde láti ẹ̀yìn tábìlì tó ti ń ta sípéà páàtì, ó mú un lọ́wọ́, ó ní kó wá jókòó, òun á wá ìró gbígbẹ fún un ná kí á tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Ṣífáwù ni orúkọ ìyàwó mi yẹn. Ó kú nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí. Àwọn èèyàn wá kí mi láti Ṣakí, láti Òkèhò, láti Adó-Àwáyè, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ bó ṣe lawọ́ sí, bí kò ṣe ń fi ìrun rẹ̀ ṣeré, bó ṣe tọ́ ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo jókòó lórí ẹní, mo ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó dárúkọ iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ó kàn ń jókòó ti ọjà lásán ni. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, síbẹ̀ ó dáa kí n kọ eléyìí sílẹ̀ fúnra mi.

Ṣakí ni mo ti kọ́ṣẹ́ ọ̀kadà, lọ́dọ̀ ọ̀gá Mọ́ṣúúdù, ọkùnrin pupa kan tó máa ń fi etí sí ara ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Òun ló sọ fún wa pé ẹ́ńjìnnì kì í purọ́, mẹkáníìkì ló ń purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí mo gba òmìnira, mo wá sí Ìsẹ́yìn, ìlú ìyá mi, mo pàgọ́ sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó ń ta sípéà páàtì lẹ́bàá ibẹ̀ nígbà náà ni Bàbá Ràfíù, Ṣífáwù sì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń bá a tajà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ra púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bi mí pé èyí tó kú dà. Mo ní mo ti sọ ọ́ nù. Ó ní kí n lọ wá a wá. Mo ní àbí kò fẹ́ tajà ni?

"Òkú tí a ò rí ojú ẹ̀," ló wí, "ta ló mọ ohun tó pa á?"

Inú bí mi. Mo padà lọ tú inú gọ́tà, mo rí púlọ́ọ̀gì náà, mo nù ún, mo gbé e fún un. Ó ní kò yẹ kí n nù ún, pé ojú rẹ̀ lòun fẹ́ wò, mo wá fọ ojú rẹ̀. Síbẹ̀ ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì sọ fún mi pé kì í ṣe púlọ́ọ̀gì ló ń ṣe ọ̀kadà yẹn, epo ló ń pọ̀ jù fún un, kí n lọ dín in kù ní kabúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo. Kò ta púlọ́ọ̀gì fún mi lọ́jọ́ náà. Mo dín epo kù, ọ̀kadà náà sì ń lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá òkú púlọ́ọ̀gì kiri Ìsẹ́yìn kí n lè rí nǹkan gbé lọ hàn án. Ó dé ibi tí Bàbá Ràfíù fi pè mí lọ́jọ́ kan tó bi mí bóyá gbogbo ọ̀kadà ìlú yìí ló ń ṣàìsàn ni, tàbí èmi ni mò ń ṣàìsàn. Mo ní èmi ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ra.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, púlọ́ọ̀gì ni nǹkan kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Kò ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣáná, irin lásán lo gùn. Ojú rẹ̀, ìyẹn ibi tó wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ, máa ń gba àwọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bó bá dúdú tó gbẹ bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Bó bá dúdú tó tutù, iná kò ràn níbẹ̀ rárá. Bó bá funfun bí eérú, ooru ti fẹ́ pa á. Èyí tí ara rẹ̀ yá, bí èèpo ẹ̀pà ló ń rí. Gígùn ọ̀fun wọn kò dọ́gba: èyí tó bá gùn jù, písítìn tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì á gbá a lẹ́nu, èyí tó bá kúrú, iná rẹ̀ kò ní dé ibi tí epo wà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, èyí tó ń pa ooru mọ́ra wà, èyí tó sì ń tú ooru ká wà. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn ọ́, àfi kí o mọ nọ́ńbà ara rẹ̀, kí o sì mọ irú iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yẹn ń ṣe. Ṣífáwù mọ̀ ọ́n. Nínú ilé wa, òun ló ń yan púlọ́ọ̀gì, èmi ni mò ń fi í sí i. Kì í fọwọ́ kan sípánà mi, èmi náà kì í ṣí páálí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀rọ tó gbé wá náà, ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé lókè òkun ló fi ń ṣeré lórí omi Ìkẹ́rẹ́, adágún ńlá tó wà nítòsí wa, nígbà tó bá wálé ọdún. Nígbà tó sú u, ó fi í ta ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí omi lọ́rẹ, kí wọ́n lè máa fi gbé nọ́ọ̀sì lọ sí àwọn abà tó wà lódìkejì. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò ti wó afárá onípákó tí à ń gbà yípo lọ sí ọ̀hún. Ọ̀kadà kò kọjá mọ́. Ọkọ̀ àjẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, bí ìjì bá sì ká a mọ́ àárín omi, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà délé. Yákúbù ló ń wa ọ̀kadà orí omi náà fún Nọ́ọ̀sì. Apẹja ni, Kẹ́bbí ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n létí omi yẹn ni wọ́n bí òun sí.

Káfáyà, àkọ́bí wa, ọ̀kan nínú àwọn abà yẹn ló wà, Abà Olókè. Ràṣídì ọkọ rẹ̀ ń gbin iṣu níbẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Nẹ́tíwọ̀kì kì í dé ọ̀hún, àfi kí èèyàn gun orí àpáta, aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ gun àpáta. Ohun tí Nọ́ọ̀sì bá sọ fún wa nípa rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ti wọ ìró gbígbẹ tán, ìyàwó mi bi í nípa Káfáyà. Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ná. Ìyàwó mi tún bi í. Nọ́ọ̀sì wá ní òun kò tíì rí Káfáyà láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ẹ̀rọ yìí ń kú lójú omi, àwọn apẹja ló máa ń wọ́ àwọn padà sí èbúté. Ó ní nígbà tí òun rí i gbẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa ru.

Ìyàwó mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì. Ó wò mí. Mo gbé sípánà.

Mo rò pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á le bí nǹkan òyìnbó. Nígbà tí Yákúbù gbé àga rẹ̀ sókè, mo rí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà àtijọ́, irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, àmọ́ ìbejì ni. Ihò méjì, púlọ́ọ̀gì méjì. Mo tú Táíwò, ojú rẹ̀ dúdú, ó sì tutù. Mo tú Kẹ́hìndé, ojú rẹ̀ funfun bí eérú. Mo gbé àwọn méjèèjì fún ìyàwó mi. Ó gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà wọ́n nọ́ńbà, ó gbójú sókè wo Yákúbù.

Ó bi í pé lára jẹnẹrétọ̀ ta ni wọ́n ti yọ wọ́n. Yákúbù ń họrí. Ó ní ìgbà tí èyí tó wà nínú rẹ̀ kú, wọ́n yọ ti jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé ìwòsàn, wọ́n tún yọ ti ẹnì kan mọ́ ọn. Ó ní wọ́n wọ inú ihò náà geerege.

"Ihò tí wọ́n bá ṣáà ti wọ̀," ni ìyàwó mi wí, "ẹ̀yin rò pé ilé wọn ni."

Ó ṣàlàyé fún Nọ́ọ̀sì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sáré; ó jókòó lójú kan, ó ń tan gílóòbù àti fáànù. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń pa ooru mọ́ra kí ó má baà tutù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ orí omi, gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń sá láti èbúté dé èbúté, kò sí sìnmi-díẹ̀ fún un. Púlọ́ọ̀gì tó ń tú ooru ká ló yẹ ẹ́. Ó ní ìdí nìyẹn tí Kẹ́hìndé fi di eérú. Ti Táíwò ni kò tíì yé òun.

Ó wọ inú lọ, ó gbé páálí kan jáde tí eruku ti bò. Púlọ́ọ̀gì àwọn ọ̀kadà àtijọ́ tó ń mu epo àti ọ́ìlì pọ̀ ló wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀kadà tí ẹnikẹ́ni ò gùn mọ́ ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí páálí yẹn, tí mò ń bi í bóyá àwọn tó ti kú ló ń dúró dè láti wá rà á. Lọ́jọ́ náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé ọ̀fun wọn ti ọ̀fun èyí tí mo yọ, títí ó fi rí méjì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó wá mú abala abẹ ayùn irin tó ti dá, ó tì í bọ àárín ẹnu púlọ́ọ̀gì tuntun náà. Bí abẹ bá wọlé tó ń rọ́ mọ́ra díẹ̀, àlàfo tí iná á fò kọjá tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń ṣe yalayala, ó fẹ̀ jù. Èyí àkọ́kọ́ fẹ̀. Ó fi orí rẹ̀ kan etí tábìlì tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ó tún dán an wò, ó gbé e fún mi.

Ó kù síwọ́ mi. Ohun tí ọ̀gá Mọ́ṣúúdù kọ́ wa ni mo ṣe. Mo fi aṣọ nu etí ihò náà, mo fẹ́ ẹ, nítorí iyanrìn kan ṣoṣo tó bá já síbẹ̀ lè ha ara písítìn. Mo fi ìka yí púlọ́ọ̀gì wọlé, kì í ṣe sípánà. Ìka ló ń mọ̀ bí ó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sípánà kò mọ nǹkan kan, á kàn máa fipá wọlé ni. Nígbà tí ìka mi ò lè yí i mọ́, ni mo tó fi sípánà fún un, ìwọ̀nba tí wásà ìdí rẹ̀ á fi tẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì yẹn, irin fúyẹ́ ni, kì í gba kí ọ̀dọ́kùnrin fi agbára hàn án. Mo dé e ní fìlà rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí wáyà iná ń gbà wọ orí púlọ́ọ̀gì.

Mo ṣáná sí i. Ó ké. Gbogbo àdúgbò hó. Àlùfáà Súlè fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ wá wò ó. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń dán ọ̀kadà wò, mo fà á le, mo jẹ́ kó pariwo dáadáa kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ìyàwó mi náà gbọ́. Ohùn rẹ̀ mọ́. Mo tún fà á. Kò pẹ́ ni òórùn jíjóná bẹ̀rẹ̀ sí jáde, ó tàkìtì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà, mo yára gba ọwọ́ mi padà.

Nọ́ọ̀sì gbé ojú sílẹ̀. Àwọn tó ń hó ti ń túká. Èmi ò tíì rí ohun tó jọ ọ́ rí.

Yákúbù ló sọ̀rọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ó má baà ṣàfojúdi. "Bàbá, ẹ̀rọ yẹn, omi ló ń mu. Omi tó bá ń gùn ló ń fà sínú tó fi ń tu ara ẹ̀ lára. Lórí ilẹ̀ báyìí, á jóná ni."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní mi ò bi òun, pé òun rò pé mo mọ̀.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Àwa ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ, ibo la ti fẹ́ mọ ẹ̀rọ tó ń mu omi tó ń gùn? Nígbà tó tutù, mo tú púlọ́ọ̀gì náà, ooru ti bà wọ́n jẹ́. Ìyàwó mi wá àwọn míì nínú páálí, ó tún fi abẹ ayùn wọ̀n wọ́n. Ó ní ọ̀la ni à ń lọ sétí omi, pé òun náà ń lọ.

Èyí yà mí lẹ́nu ju ẹ̀rọ lọ. Ìyàwó mi kì í súnmọ́ omi tó bá ju ti inú garawa lọ. Ó máa ń wí pé òótọ́ ni pé omi ò lọ́tàá, àmọ́ òun náà ò lọ́rẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Káfáyà ti lọ ilé ọkọ, kò tíì la omi yẹn kọjá rí. Káfáyà àti ọkọ rẹ̀ ló ń wá kí wa. Ó di ẹrù kékeré kan: aṣọ ìkókó, àti ike òrí tuntun tí wọ́n bá a gún wá láti Ìlerò, tí ó fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì bá òun gbé lọ fún Káfáyà kó lè máa fi pa ikùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, a tún fi ọkọ̀ iṣu gbé ẹ̀rọ náà dé etí omi, a sì tì í sínú rẹ̀. Yákúbù gùn ún, ó ṣáná. Ó sáré létí bèbè bí ẹyẹ, ohùn rẹ̀ dán. Mo ń gbọ́ ọ, inú mi ń dùn. Nígbà tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí lù ú, ohùn náà já, ó di ti ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú ìbejì ti sùn. Yákúbù rọra wọ́ ọ padà.

Nọ́ọ̀sì ti bọ́ bàtà tẹ́lẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ padà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ti gbìyànjú." Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó mi dúró sí, kò sì fẹ́ kí ojú àwọn pàdé.

Mo tú Táíwò. Ó tún dúdú, ó tutù. Mo gbé e fún ìyàwó mi. Ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní kí n gbé fìlà rẹ̀ wá. Ó ti ìka bọ inú rọ́bà náà, ó yọ ọ́, ìka rẹ̀ ń kán omi.

"Bàbá Káfáyà, ẹ wò ó. Púlọ́ọ̀gì ò jẹ̀bi. Èyí tí wọ́n yọ lánàá náà ò jẹ̀bi. Omi ló ń wọlé síbí tó ń gbé iná lọ."

Rọ́bà náà ti gbó, ó ti ya ní etí, àlàfo rẹ̀ ò ju fọ́nrán irun lọ. Tuntun rẹ̀ ò sí ní Ìsẹ́yìn, kò sí ní Ṣakí, bóyá Ìbàdàn tàbí Èkó. Mo ti ń ronú ẹni tí màá rán. Ìyàwó mi ti jókòó lórí òkúta, ó ń tú ẹrù ọmọ rẹ̀. Ó ṣí ike òrí náà. Ó bu òrí lọ́pọ̀, ó fi ìka rọ ọ́ sínú rọ́bà náà yíká, ó nu àárín rẹ̀ kí irin lè kan irin, ó tún fi òrí pa etí rẹ̀ níta. Ó ṣe ti Kẹ́hìndé bákan náà. Mo bi í ta ló kọ́ ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, àmọ́ ṣé mo ti rí omi tó dúró lára ọmọ tí wọ́n fi òrí pa rí?

Mo dé fìlà náà padà. Yákúbù tún gbé e wọ inú ìgbì. Ohùn méjèèjì dọ́gba. Ó yí i po, ó da omi lé e lórí, ohùn kò já.

Ó padà wá sí èbúté, gbogbo wa wá ń wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń wo omi. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ẹ̀rọ ti kú mọ́ lábẹ́ lójú omi, tí kò sì mọ̀wẹ̀, òrí lásán kò lè fún un lọ́kàn. Ìyàwó mi bá dìde, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó nawọ́ gba aṣọ pupa tí wọ́n máa ń wọ̀ kí èèyàn má baà rì.

Mo ní, "Ṣífáwù, níbo?" N kì í dá orúkọ rẹ̀ pè lójú èèyàn.

"Èmi ni mo yan púlọ́ọ̀gì. Èmi ni mo fi òrí sí i. Ta ló tún yẹ kó kọ́kọ́ gùn ún?"

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ. Ó ní bí èmi bá lọ, ta ló máa mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ já lọ́nà? Ó wá bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ṣé ẹ fi sípánà fún un dáadáa?"

"Mo fún un."

"Ó tán nìyẹn."

Ó fi aṣọ pupa náà lé orí híjáàbù rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn Yákúbù, ó di ìbàdí ọkùnrin náà mú tàìtijú, ojú rẹ̀ sì dì pinpin. Wọ́n lọ. Mo dúró ti Nọ́ọ̀sì, mo gbé etí sí omi. Wọ́n kéré, wọ́n kéré, wọ́n yí ibi àpáta, mi ò rí wọn mọ́, ohùn nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà ohùn náà dákẹ́. Mo bi Nọ́ọ̀sì bóyá ibi tí èbúté Abà Olókè wà nìyẹn, tàbí wọn ò tíì débẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ. Mo ń ka gbogbo Kúlúúwàlláhù tí mo mọ̀, Nọ́ọ̀sì ń pe Jésù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ẹ̀rọ náà tún ké. Ìró rẹ̀ kọ́kọ́ wá, òun fúnra rẹ̀ yọ lẹ́yìn àpáta. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ìyàwó mi kò dúró kí wọ́n gbé òun sọ̀ kalẹ̀. Ó já sínú omi tó dé e lórúnkún, ó ń wọ́ ìró bọ̀, kò wo èmi, Nọ́ọ̀sì ló ń wò.

"Ẹsẹ̀ Káfáyà wú bí ìrọ̀rí. Ó ní orí ń fọ́ òun láti ìjẹta, ó ní òun ò ríran dáadáa."

Nọ́ọ̀sì kò bọ́ bàtà lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́rùn, ó rìn wọ inú omi tòun ti bàtà, ó gun ẹ̀rọ náà. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n máa padà dé, oòrùn ti kan àtàrí. Àwọn mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: Yákúbù níwájú, Káfáyà láàárín, Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbé agbè tó kún. Ẹ̀rọ náà ń lọ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ kò já. Ọkọ̀ iṣu yẹn kan náà la fi gbé Káfáyà lọ sí ọsibítù ńlá, ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan. Àwọn dókítà ní kò gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀hún, wọ́n sì gbẹ̀bí rẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Obìnrin ló bí, ó kéré bí ọmọ adìyẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dún. Ìyá àti ọmọ, Ọlọ́run dá wọn sí fún wa.

Òrí kì í dúró pẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ó ń yọ́, ó ń ṣàn, àfi kí a fi tuntun sí i. Wọ́n rí rọ́bà tuntun rà láti Èkó nígbà tó yá, mo sì fi wọ́n sí i, ṣùgbọ́n Ṣífáwù kò gbà. Ó ní rọ́bà ò mọ ẹni tó ń gbé lọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí í ṣe ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì ń kọjá, màá gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà mi, a ó lọ sétí omi ní kùtùkùtù. Òun á wo ojú púlọ́ọ̀gì, á fi òrí tuntun sí fìlà rẹ̀, èmi á fún un le. Nọ́ọ̀sì á dé, á bá a dá àga ẹ̀rọ padà sáyè rẹ̀, á bi í ṣé ó ti ṣe tán, Ṣífáwù á ní kó máa lọ. Nọ́ọ̀sì kò bojú wẹ̀yìn mọ́ kó tó gùn ún. Nígbà tí wọ́n tún afárá kọ́, tí ẹ̀rọ náà sìnmi, àwa méjèèjì ṣì ń lọ ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a ó jókòó lórí òkúta, Yákúbù á fún wa lẹ́ja. Ṣífáwù ti ń wọ inú omi dé ọrùn ẹsẹ̀ nígbà náà, á ní ó tutù dáadáa.

Àwọn ọmọ bi mí ọjọ́ wo ló le jù fún mi nínú ọ̀sẹ̀ báyìí tí n ó máa dá wà. Wọ́n rò pé Jímọ́ọ̀ ni, nítorí Jímọ́ọ̀ la sin ín. Mo ní rárá. Jímọ́ọ̀, èèyàn pọ̀ nílé. Ọjọ́bọ̀ ni, ní kùtùkùtù, nígbà tí mo bá ti fẹsẹ̀ ta ọ̀kadà mi, tó ti ń ké, tí mo sì dúró kí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo.